Ta Ni Ará Òṣíẹ̀lẹ̀? Iye Ènìyàn àti Ààlà Wọ́ọ̀dù ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá



Nígbà ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, ènìyàn 109,449 ni wọ́n kà ní gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá, tí Òṣíẹ̀lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ wa tó 1,560 kìlómítà níbùú lóròó. Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta kò ju 71 lọ, síbẹ̀ 250,278 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ẹni tó bá wo ìṣirò yìí yóò ní igbó lásán ni tiwa. N kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo bí Ẹ̀gbá ṣe ń gbé. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, ilé wà lábẹ́ àpáta Olúmọ, oko wà lẹ́yìn odi. Ọkùnrin kan lè bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí abúlé lọ́nà Ìlúgùn, kó máa gbin ẹ̀gẹ́ àti kòkó níbẹ̀ títí yóò fi darúgbó. Ẹ bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta ni yóò dárúkọ. Agbo-ilé ni wọ́n ti ń ṣọdún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń joyè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú. Bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n bá bá ènìyàn lọ́jọ́ ìkànìyàn ni wọ́n ń kà á sí. Ará oko tó bá wálé kí wọ́n lè kà á láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ ti di ará ìlú nínú ìwé ìjọba, owó kànga àti ilé ìwòsàn abúlé rẹ̀ sì bá a lọ. Nínú ìlànà pípín owó àpapọ̀, ìdá 30 nínú 100 ló wà fún iye ènìyàn. Ilẹ̀, bó ti wù kó fẹ̀ tó, ìdá 10 péré.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn àgbà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n sì rántí pé owó-orí ló fa ogun Adùbí nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Owó-orí náà ló mú àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣíwájú wọn dìde, títí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹni tí wọ́n ti kà torí owó-orí rí kò jẹ̀bi bó bá sá fún akànìyàn.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn kan ààlà wọ́ọ̀dù pẹ̀lú: wọ́ọ̀dù 10 la ní ní Ọdẹ́dá. Òṣíẹ̀lẹ̀ ní káńsílọ̀ kan, Ìlúgùn ní kan, Ọbáńtokò náà ní kan, bí wọn kò tilẹ̀ dọ́gba. Ọbáńtokò ti so pọ̀ mọ́ Abẹ́òkúta, ojúlé ń fara kan ojúlé. Ìlúgùn ṣì jẹ́ abúlé tó fọ́n káàkiri. Òṣíẹ̀lẹ̀ tiwa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988 sì wà lọ́nà Alábàtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà yàrá, wọ́n ń náwó ní ọjà wa, ṣùgbọ́n bí ìkànìyàn bá bọ́ sí àsìkò ìsinmi, ilé òbí ni wọn yóò ti kà wọ́n.

Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún ìkànìyàn 2006 ti tó dìbò, ìkànìyàn tí wọ́n ṣètò fún 2023 ni wọ́n sì sún síwájú. Kí ẹ̀yin baálẹ̀ má dúró de ìjọba. Ẹ ra ìwé, ẹ kọ ojúlé kọ̀ọ̀kan àti iye ẹni tó ń sùn níbẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì dá ọjọ́ ìkànìyàn, ẹ ní kí gbogbo àgbẹ̀ dúró sí oko.