Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì Tí Kò Dẹ́kun Ẹ̀kọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

 Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣe lè máa tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tí ó yẹ kí ó máa lépa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwé ẹ̀rí ni ìdáhùn: bí olùkọ́ bá ti ní ọ̀kan, kí ó tún lọ gba èkejì. Èmi kò kẹ́gàn ìwé ẹ̀rí, nítorí àwa ni a ń kọ́ àwọn tí ń gbà á. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè gba ìwé ẹ̀rí mẹ́ta, kí ó sì máa kọ́ni ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ojú rí rí. Ní tèmi, ọjọ́ tí olùkọ́ bá dán ohun tí ìwé sọ wò, tí ó sì gbìyànjú láti sọ ohun tí ó rí ní èdè tí ọmọ gbọ́, ọjọ́ náà ni ìtẹ̀síwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àbẹ́là ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀kọ́ tí gbogbo olùkọ́ mọ̀ ni. Olùkọ́ a gbé àbẹ́là kalẹ̀ sínú àwo, a bu omi díẹ̀ sí àwo náà, a tan iná, a sì fi ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò dé e lórí. Láìpẹ́ iná á kú, omi á sì gòkè nínú ìgò. Àwọn ọmọ a pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni olùkọ́ yóò kọ ọ́ sí ojú pátákó pé ọ́síjìn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́, pé iná ti jẹ ọ́síjìn náà tán, àti pé omi gòkè láti gba ipò rẹ̀. Àwọn ọmọ a dà á kọ, a ó sì bi wọ́n ní ìdánwò.

Òtítọ́ ni pé ọ́síjìn tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́. Ìyókù ni kò dúró. Ẹ wo àwo náà dáadáa. Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń jó, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ìgbà tí iná bá kú ni ó máa ń yára gòkè. Bí ó bá jẹ́ pé ọ́síjìn tí ń tán ni ó ń fa omi, ìbá máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo etí ìgò bí a ti ń dé e: ẹ lè rí afẹ́fẹ́ tí ń hó jáde láti abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan àbẹ́là mẹ́ta dípò ọ̀kan lábẹ́ ìgò kan náà. Ọ́síjìn inú ìgò kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ omi yóò gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ni ó fà á? Ooru iná ni ó mú kí afẹ́fẹ́ inú ìgò fẹ̀, tí apá kan rẹ̀ sì sá jáde. Nígbà tí iná kú, èyí tí ó kù tutù, ó súnkì, afẹ́fẹ́ òde sì ti omi wọlé. Iná kì í tilẹ̀ jẹ ọ́síjìn náà tán kí ó tó kú. Èyí tí ó sì jẹ kò di òfo, ó di afẹ́fẹ́ mìíràn tí ojú kò rí, àti omi tí ẹ ó rí bí ìrì lára ìgò.

Àbẹ́là mẹ́ta àti ìgò kan, kò ná ìlú yìí ní owó. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣe ẹ̀kọ́ náà ní ogún ọdún láì wo ìgbà tí omi ń gòkè, nítorí ìwé ti sọ fún un ohun tí yóò rí. Bí ọmọ kan bá dìde tí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ló dé tí omi kò gòkè nígbà tí iná ń jó?" ìdáhùn tí ó sábà máa ń gbà ni pé kí ó jókòó. Àwọn baba wa ni ó sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀; a kò mọ ibi tí a ti kọ́ láti pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ nínú ilé ìmọ̀.

Nípa àbẹ́là kan náà ni mo fi rántí Michael Faraday. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, a bí i ní 1791 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ń rán ìwé pọ̀ tí ó sì ń fi awọ bò ó. Ní 1812 ó lọ gbọ́ àsọyé mẹ́rin tí Humphry Davy ṣe ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ́nù; ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó rán an pọ̀ di ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy. Ní 1813 a gbà á síbẹ̀ bí olùrànlọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ iṣẹ́ tí ó ṣe lórí iná mànàmáná. Ohun tí a kì í sábà sọ ni bí ó ti ṣe kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún 1813 yẹn gan-an, kí òun fúnra rẹ̀ tó di olùsọ̀rọ̀, ó ti ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ohun tí ń mú kí àsọyé dùn tàbí kí ó súni. Ó ní wákàtí kan tó. (Àwa oníwàásù, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ èyí.) Ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì ní kí ẹni náà wá jókòó tì í, kí ó máa kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀. A sì gbọ́ pé a máa ń gbé káàdì kan síwájú rẹ̀ tí a kọ "Rọra" sí ní èdè wọn. Nígbà tí ó fi di 1860, tí ó fi ìtàn àbẹ́là kan ṣoṣo kọ́ àwọn ọmọdé ní àsọyé mẹ́fà ní àkókò Kérésìmesì, ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Olùkọ́ mélòó nínú wa ni yóò ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jókòó tì í? Bí alábẹ̀wò bá dé, a máa ń mú ẹ̀kọ́ tí a ti tún ṣe tẹ́lẹ̀ jáde bí aṣọ ọdún. Nítorí náà ohun kan tí mo ń bẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ wa ni pé kí wọ́n pe ara wọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹni tí ń wò sì mú aago dání. Mary Budd Rowe, obìnrin Amẹ́ríkà kan, ṣe èyí ní ọ̀pọ̀ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1974: bí olùkọ́ bá bèèrè ọ̀rọ̀, kì í dúró ju bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kí ó tó pe ẹlòmíràn tàbí kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ sì sọ̀rọ̀.

Wàyí o, mo kan ọ̀rọ̀ èdè, mo sì mọ̀ pé òun ni Ẹgbẹ́ yìí ń retí. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà tí Ìjọba Àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ní 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni a kéde ní oṣù kọkànlá 2025 pé a ti fagi lé. Mo kà á sí àdánù ńlá. Ṣùgbọ́n èmi kò rí òfin tí ó lè dí olùkọ́ lọ́wọ́ kí ó má ronú ní Yorùbá nígbà tí ó bá ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, *yọ́*. A ní òrí yọ́ nínú oòrùn. A tún ní iyọ̀ yọ́ nínú omi. Ọ̀rọ̀ kan ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó ṣẹlẹ̀. Òrí kò nílò ohunkóhun bí kò ṣe ooru, bí ó bá sì tutù yóò dì padà. Iyọ̀ nílò omi. Bí ẹ bá gbé omi iyọ̀ kúrò nínú oòrùn sínú òjìji, kò ní dì, àfi kí omi náà gbẹ. Olùkọ́ tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ́ni kò ní mọ̀ láéláé pé ibi yìí ni ọmọ ti ń ṣìnà. Èyí tí ó bá mọ èdè rẹ̀ yóò gbé òrí àti iyọ̀ wá sí kíláàsì kan náà ní òwúrọ̀ kan náà.

Kí ó tún mú àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá aláró. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò aró, kò tí ì dúdú. Ó rí bí ewé tútù. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ni ó ń ṣú, tí ó fi di aró. Ìdí nìyẹn tí ìyá náà fi ń rì í, tí ó ń gbé e sókè, tí ó tún ń rì í. Ọ́síjìn tí a ń wá kiri nínú ìgò àbẹ́là ni ó ń ṣiṣẹ́ náà lójú wa ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo láti ayébáyé. Olùkọ́ tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò bá ìbéèrè padà wálé tí ìwé rẹ̀ kò dáhùn, ìyẹn sì ni ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún oṣù náà.

Ẹ̀yin Ìjòyè, ẹ ti kọ́ ilé fún wa, ẹ sì ti ra àga. Ohun tí mo ń tọrọ nísinsìnyí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa bẹ àwọn aláró, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tí ń se ọṣẹ dúdú ní àdúgbò yín, kí wọ́n gba àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn láyè láti dúró wòran, kí wọ́n sì dá wọn lóhùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ṣetán láti ṣe ẹ̀kọ́ àbẹ́là yìí ní gbàgede ẹnikẹ́ni nínú yín tí ó bá fẹ́ rí i. Kí ẹ pe àwọn ọmọ ilé yín jọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè tiwọn.