Ọtí, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọ̀rẹ́

Púpọ̀ nínú wa ló ń yá owó ẹgbẹ́ rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọtí lè sọ ọ́ di òfo.

Ní 2011, Yunifásítì Virginia Commonwealth ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gba itọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wo ohun tí wọ́n jogún. Ìwádìí lára àwọn ìbejì sì ti fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ohun tó ń sún ẹnì kan dé ìmukúmu ju ẹlòmíràn lọ wá láti inú ẹ̀jẹ̀. Àyíká ló ni ìyókù, ọ̀rẹ́ sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀; ọ̀rẹ́ ṣeé yàn. Bí ọ̀mùtí bá wà nínú ìdílé yín, ẹ wí fún ọmọ kó tó lọ. Àgùntàn tó bá ajá rìn, á jẹ ìgbẹ́.