Àrokò Ojú Pópó: Awakọ̀ àti Àwòrán Atọ́nà



Ọjà-Ọba, Ìlọrin, ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ya àmì ojú pópó kan sórí ìwé: igun mẹ́ta elétí pupa, àmì ìyanu dúdú láàrin rẹ̀. Mo bi awakọ̀ àgbàlagbà kan léèrè ohun tí ó ń sọ. Ó ní, ‘Ọ̀gá, igi kan ló dúró, òkúta sì wà nídìí rẹ̀.’ Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí bàbá náà ń ka Kùránì geere. Kì í ṣe òpè. Àmì ìyanu ni kò sí nínú ìwé tí ó kà.

Àwọn tí ó ṣe àdéhùn àmì ojú pópó ní Vienna ní 1968 fẹ́ kí àwòrán fo odi èdè. Ṣùgbọ́n kí ni àrokò àwọn baba wa kọ́ wa? Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ. Àjèjì lè ka iye ẹyọ náà pé, síbẹ̀ kò ní gbọ́ ‘fà’ tàbí ‘jọ’ nínú rẹ̀. Àdéhùn ni ó ń fọhùn, kì í ṣe àmì.

Àmì oníná tún mú ọ̀ràn náà le. A lè gbé àrokò fún àgbà kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń rin mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọfà aláwọ̀ ewé tí ó kọjú sílẹ̀ lórí pátákó oníná ń sọ pé, ‘Ọ̀nà yìí là’. Ẹni tí a kò kọ́ lè kà á sí ‘Dúró síbí’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣi ewì kà yóò pàdánù máàkì. Awakọ̀ tí ó bá ṣi àmì kà lè pàdánù ẹ̀mí, tirẹ̀ àti ti èrò.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kò sí awakọ̀ tí ó lè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. A ní láti sọ fún un ni.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fún àmì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ Yorùbá, kí a sì gbé e dé gáréèjì kí ó tó dé ojú ọ̀nà. Bí ọ̀pọ̀ awakọ̀ bá ṣì í kà, àmì ni kí a tún ṣe. Ẹni tí a kò bá bá ṣe àdéhùn, a kì í dá a lẹ́bi pé ó yẹ àdéhùn.