Kí Ló Ń Mú Ènìyàn Fi Ìmọ̀ Rẹ̀ Tọrẹ?



Ní oṣù kìíní ọdún 2001, Jimmy Wales àti Larry Sanger dá Wikipedia sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìmọ̀ tí gbogbo ayé jọ ń kọ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ kò gba kọ́bọ̀. Síbẹ̀, èdè tó wà níbẹ̀ ti lé ní 300, Yorùbá sì wà lára wọn. Kí ló ń mú wọn ṣe é?

Àwọn baba wa mọ àáró: mo bá ọ ro oko lónìí, ìwọ náà á bá mi ro tèmi lọ́la. Ti íntánẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ lè má mọ̀ wá rí. Ẹlòmíràn ni yóò san oore náà. Àwọn kan ń wá orúkọ rere. Àwọn mìíràn jìnnà sílé bíi tiwa, ará ilé ni wọ́n ń wá.

Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń kà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ, kànga á gbẹ. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Òkè Ọya níhìn-ín ń wá ìtàn ìlú wọn lórí fóònù. Bí wọn kò bá rí i, àwa ni a kò kọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ ìtàn, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e jáde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.