Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣòdì: Davies àti Horton, Oníṣẹ́ Abẹ Ológun

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń jáde ní Òṣòdì lónìí kò ṣàjèjì sí ológun, nítorí pé àdúgbò wọn ni ọgbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Síbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n mọ orúkọ William Broughton Davies, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó tẹ̀dó sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, àti ti James Beale Horton, ọmọ káfíńtà Ìgbò kan, tí a bí lẹ́bàá Freetown ní 1835.

Àìsàn ń pa àwọn dókítà òyìnbó ní etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lemọ́lemọ́, èyí ló mú kí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ kọ́ ìṣègùn ní King's College, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1855. Àìsàn dá ọ̀kan padà, àwọn méjì yòókù, Davies àti Horton, sì yege. Horton gba oyè dókítà ní Edinburgh ní 1859, ó sì fi Africanus, tó túmọ̀ sí ará Áfíríkà, kún orúkọ ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì di oníṣẹ́ abẹ ológun, ìyẹn dókítà tó ń bá ọmọ ogun rìn, tó ń yọ ọta ìbọn lára ẹni tó fara gbọgbẹ́, tó sì ń tọ́jú ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, nítorí pé àrùn ń pa jagunjagun ju ìbọn lọ nígbà náà.

Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní, ni Horton ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí kan ogun Àṣáńtì ti 1873 sí 1874. Ó ń wo ooru àti òjò, ó ń kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé lórí ojú ọjọ́ àti àìlera ní 1867. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ àbàtà ló rò pé ó ń fa ibà, bí àwọn dókítà ìgbà rẹ̀ ṣe gbà, nítorí pé 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fojú tín-ín-rín.

Ohun tó dunni jù ni pé àwọn dókítà òyìnbó kan kò fẹ́ bá adúláwọ̀ dọ́gba nípò, wọ́n rojọ́, ìjọba sì dáwọ́ rírán irú wọn dúró. Horton kọ̀wé ní 1861 pé kí a dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kékeré sílẹ̀ ní Freetown. Ìjọba kò gbà. Ó fẹ̀yìn tì ní 1880, ó sì kú ní 1883. Ọdún 69 lẹ́yìn ìwé tó kọ ní 1861 yìí ni ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Yábàá, ibi tí dáńfó tó gbéra ní Òṣòdì ń ná lójoojúmọ́.