Kí Ọkọ Náà Lọ Ṣe Àyẹ̀wò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí wúwo díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tọkọtaya tí wọ́n ń wá ọmọ ni.

Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá tí ìyàwó kò lóyún, ta ni à ń bi léèrè? Ìyàwó ni. Ta ni ń mu àgbo? Ìyàwó ni. Ta ni wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí? Ìyàwó náà ni. Ọkọ wà níbẹ̀, ó ga, ara rẹ̀ le, ó sì ń bá aya rẹ̀ sùn dáadáa. Kò sí ẹni tí ó rò pé ó yẹ kí òun náà dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má bínú sí wa. Ọkùnrin lè má jẹ́ akúra, kí omi àtọ̀ rẹ̀ sì máa jáde, síbẹ̀ kí irúgbìn ọmọ má sí nínú omi náà. Irúgbìn yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni dókítà fi ń wò ó.

Ọ̀kan nínú ohun tí ń fa èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé. Lẹ́tà kan wà tí kò sí nínú ábídí Yorùbá, ṣùgbọ́n tí ẹ ti rí nínú ìwé Òyìnbó: X. Nínú ara ènìyàn, àwọn nǹkan tín-ín-rín bí òwú wà tí ó gbé ohun tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá wa. Àwọn dókítà ń pè wọ́n ní kromosóòmù. 46 ni wọ́n. Obìnrin ní X méjì nínú tirẹ̀. Ọkùnrin ní X kan àti Y kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin mìíràn ní X méjì àti Y kan, tiwọn wá di 47. Ọkùnrin ni wọ́n o. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bí wọn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi bàbá tàbí ìyá.

Dókítà Harry Klinefelter ní Boston, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọkùnrin mẹ́sàn-án ní 1942. Ní 1959, Patricia Jacobs àti John Strong ní Edinburgh rí X tí ó lé náà. Nínú nǹkan bí 600 ọmọkùnrin tí a bí, ọ̀kan a máa rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ títí wọn yóò fi máa wá ọmọ. Kóró ẹpọ̀n wọn máa ń kéré, ó sì máa ń le. Ẹlòmíràn a ga, irùngbọ̀n rẹ̀ a sì fọ́nká. Ìwé kíkà a máa ṣòro fún àwọn kan nígbà èwe. Àwa tí a ti jẹ́ olùkọ́ fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mọ èyí, kí wọn má máa pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n dájú.

Nígbà kan, ohun tí dókítà ń sọ fún wọn ni pé kò sí ọ̀nà. Ọ̀nà ti wà báyìí. Ní 1992, àwọn dókítà ní Brussels ròyìn ọmọ tí a bí lẹ́yìn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ti irúgbìn kan ṣoṣo sínú ẹyin obìnrin. Nítorí náà irúgbìn díẹ̀ ti tó. Ní 1999, Peter Schlegel ní New York ṣàlàyé bí a ṣe ń wá a. Wọn a fún ọkùnrin náà ní oògùn oorun, wọn a la kóró ẹpọ̀n rẹ̀, wọn a fi awò wo inú rẹ̀. Níbi tí okùn inú rẹ̀ bá ti sanra tí ó sì funfun ju ìyókù lọ, wọn a gé díẹ̀ níbẹ̀. Ó lè gba wákàtí púpọ̀. Nínú ọkùnrin mẹ́wàá, wọn a rí irúgbìn lára bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Aya náà a gba abẹ́rẹ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó. Wọn a mú ẹyin jáde, wọn a pò ó pọ̀ mọ́ irúgbìn, wọn a sì gbé e padà sínú ilé ọmọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ní ń di oyún. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tí a ti bí báyìí ni kromosóòmù wọn pé 46.

Ohun kan wà tí a ní láti tẹnu mọ́. Ara irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èròjà akọ tó, nítorí náà dókítà a máa fún un ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà dára fún egungun àti okun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ìwọ̀nba irúgbìn tí ó kù lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó bá ṣì fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gbà á. Ẹni tí ó ti ń gbà á, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ béèrè. Kí wọn má sì fi falẹ̀, nítorí ọjọ́ orí aya náà ń lọ.

Owó iṣẹ́ yìí kò kéré. Kí tọkọtaya béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n béèrè pé ọkùnrin mélòó ni dókítà náà ti ṣe é fún, mélòó ni ó sì rí irúgbìn lára wọn. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.