Ọtí àti Ìgbà tí Nǹkan Oṣù Bá Dá: Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ ní Ìpàdé Gwange

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, àwa obìnrin ẹgbẹ́ ti sọ ọ́ láàárín ara wa kí a tó gbé e wá sí iwájú gbogbo ilé. Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dìde. A mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ nǹkan oṣù báyìí, ọkùnrin á rántí pé òun kò tí ì ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ jókòó. Ìyàwó yín ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ìyá yín ni ó kàn, bí Ọlọ́run bá sì dá ẹ̀mí sí, yóò kan ọmọ yín obìnrin.

Ọ̀pọ̀ obìnrin ni nǹkan oṣù wọn máa ń dá láàárín ọdún 45 sí ọdún 55. Kì í sábà dá lẹ́ẹ̀kan. Á kọ́kọ́ máa ṣe ségesège: á wá lóṣù yìí, á fo oṣù méjì, á tún dé bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ọdún kan gbáko bá kọjá tí a kò rí i, ìgbà náà ni àwọn dókítà ń sọ pé ó ti dá. Àrùn kọ́. Ohun kan wà nínú ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní ẹ́sítírójìn. Ilé ẹyin ni ó ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹyin bá fẹ́ sinmi, ohun yìí á dín kù, ara á sì máa wá a. Ibẹ̀ ni ooru òjijì ti ń wá, tí yóò ru láti àyà gun ọrùn dé ojú, tí òógùn yóò bo ni bí ẹni tí ó dúró ti ààrò. Ibẹ̀ ni àìsùn ti ń wá, àti ìbínú tí kò nídìí, àti àárẹ̀. Èyí tí a kì í fi ojú rí ni pé egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, pàápàá ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti dá, ọkàn pẹ̀lú kò sì ní ààbò tí ó ní tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní Gwange yìí, ọ̀rọ̀ náà tún ní èèkàn tirẹ̀. Ẹni tí ooru bá mú ní Ìbàdàn lè ṣí fèrèsé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, láti oṣù kẹta títí dé oṣù karùn-ún, tí ìgbóná ọ̀sán ń kọjá ìwọ̀n 40, fèrèsé tí a bá ṣí ni ooru ń gbà wọlé. Obìnrin tí ara rẹ̀ ń gbóná láti inú, tí Maiduguri sì ń sun ún láti ìta, kò yà wá lẹ́nu bí ó bá ń wá ohun tí yóò fi sùn.

Ohun tí àwọn kan nínú wa sì rí náà ni ọtí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú ọtí. Ìlú Kànúrí ni, ìlú mùsùlùmí. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, òfin kò gbà kí a ta ọtí líle fún ọmọ ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Àríwá. Nítorí náà ọtí tiwa kì í jókòó níta gbangba. Abẹ́ ibùsùn ni ó ń gbé, tàbí ìsàlẹ̀ àpò ọjà, nínú ike tí a kọ orúkọ oògùn sí lára. Ó jẹ́ paraga, tí í ṣe egbò àti èèpo igi tí a rẹ sínú ọtí líle. Ó jẹ́ ọtí inú ọ̀rá tí a ń fi eyín ya. Ó jẹ́ ọtí dúdú inú ìgò. Ọkùnrin tí ó ń mutí, gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ ọ́n, wọn á sì bá a wí. Obìnrin tí ó ń mu ún ní yàrá lóru, ta ni yóò bá a wí? Lẹ́yìn tí ìsédò Alau ya ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí omi kó ẹrù lọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí oorun sùn, ike abẹ́ ibùsùn yìí pọ̀ sí i láàárín wa. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá kàn mọ̀.

Ìdí mẹ́ta ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa. Àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tí kò jáde mọ́ ti gbá jọ sínú, pé òun ni ó ń gbóná, pé ọtí líle ni yóò fọ̀ ọ́ jáde. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó gbá jọ. Ara kò pèsè rẹ̀ mọ́ ni, bí ìgbà tí obìnrin bá kógbá ọjà nílẹ̀ tí kò sì ra tuntun. Ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ni ọtí yóò fọ̀? Ọtí a máa ṣí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè ya wá sí ojú àti àyà. Ohun tí ooru òjijì náà ń ṣe gan-an nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo obìnrin ni ó ń rí i bákan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni yóò sọ fún yín pé alẹ́ tí àwọn mu ún ni aṣọ àwọn ń tutù jù fún òógùn.

Èkejì, wọ́n ní ọtí dúdú ń fún ni lẹ́jẹ̀. Nítorí pé ó dúdú ni? Omi aró pàápàá dúdú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n mọ ohun tí ó fà á, kí ó sì jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà àti ẹran.

Ẹ̀kẹta ni ti oorun, èyí ni ó sì ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọtí a máa mú oorun wá kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ara bá ti ń lo ọtí náà tán, ní nǹkan bí agogo méjì òru, ojú á là rangandan, ọkàn á máa lù kì-kì-kì, oorun á sì di ohun à ń bẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́ bá ẹni tí ó rẹ̀, á tún nílò púpọ̀ sí i ní alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá kan ṣe ń di mẹ́ta.

Àwa oníṣòwò mọ ìṣirò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ìgò bíà tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 60, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, ọtí gidi tí ó wà nínú rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 24. Ọ̀rá kékeré tí ó gba mílílítà 30, tí agbára tirẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100, ní bíi gíráàmù 9 àbọ̀. Ọ̀rá mẹ́ta tí kò kún ìkúukù ju odindi ìgò bíà kan lọ. Ẹni tí ó ń sọ pé òun kì í mu bíà, pé díẹ̀ ni òun ń tọ́ wò, kí ó lọ tún ìwé ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò. Omi inú ara obìnrin sì kéré sí ti ọkùnrin, bí a sì ti ń dàgbà ni ó tún ń dín kù. Nítorí náà ife kan náà tí tọkọtaya jọ mu, ti ìyàwó ni yóò le jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a ń mu láìsí wàhálà ní ọmọ ọdún 30 lè dá ni dùbúlẹ̀ ní ọmọ ọdún 50.

Ó tún kù. Ọtí kì í jẹ́ kí egungun rí ohun tí yóò fi le, ní ìgbà tí egungun nílò rẹ̀ jù. A máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. A máa bá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn àtọ̀gbẹ jà nínú ara. Ní ti jẹjẹrẹ, àwọn onímọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1988, jẹjẹrẹ ọmú sì wà lára èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fà, àní bí kò bá pọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ náà sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí kan tí a lè pè ní aláìléwu. Kí ẹnikẹ́ni má retí pé ìjọba ni yóò bá wa palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2018, NAFDAC àti àwọn tí ń ṣe ọtí fọwọ́ sí àdéhùn pé ọtí inú ọ̀rá yóò kúrò ní ọjà ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024. Oṣù kejì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ariwo ta, wọ́n sì tún sún un síwájú.

Bí a ó ti jáwọ́ wá ńkọ́? Ẹni tí ó ń mu díẹ̀díẹ̀ lè dá a dúró lónìí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò le, oorun lè má tètè wá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ọ̀pọ̀ ń rí i pé oorun àwọn ti jinlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tí ó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì tọ́ ọ wò, kí ó má ṣe dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà ní òun nìkan. Gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí kò sí, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ, kí wọ́n bá a dín in kù. Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Maiduguri wà, Ilé Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní ìlú yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nítorí orúkọ ilé ìwòsàn náà òun kò lè wọ ibẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Bákan náà, obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá fún ọdún kan tí ó tún wá rí ẹ̀jẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, kí ó má mu àgbo sí i. Dókítà ni kí ó rí kíákíá.

Nítorí ooru òru, ẹ wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ gbé omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Nítorí egungun, wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri wúlò, ewé kúkà tí àwọn aládùúgbò wa ń fi se ọbẹ̀ wúlò, ẹja kékeré tí a ń jẹ tegungun-tegungun wúlò. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn. Bí ooru òjijì náà bá le jù, oògùn wà fún un ní ilé ìwòsàn. Dókítà ni yóò sọ bóyá ó bá ara yín mu.

Ohun tí ó kù jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin méjì tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, Bill Wilson àti dókítà kan tí ń jẹ́ Bob Smith, rí i pé bí àwọn bá ń jókòó ti ara àwọn sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lè yàgò fún ọtí. Ẹgbẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde, Alcoholics Anonymous, ti tàn ká ayé. Kò ní ju ìpàdé lọ, àti pé ẹnikẹ́ni kì í fi ẹnìkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa náà ní ìpàdé. Yẹ̀yẹ́ nìkan ni ó yẹ kí a yọ kúrò.

Nítorí náà àwa obìnrin ń mú àbá méjì wá. Èkíní, kí a fa ìlà sí owó ọtí nínú ìnáwó ẹgbẹ́ fún ìkómọ àti òkú, kí owó náà máa ra sóbò àti kúnnú tí a kò da ṣúgà bò. Èkejì, kí ìyá méjì méjì máa bẹ ẹni tí ó ń jáwọ́ wò ní alẹ́ fún oṣù kan, nítorí alẹ́ ni ó le jù. Alága yóò gbé e sí ìbò kí a tó túká. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, a máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù títí di ìrọ̀lẹ́. Kí ó wá bí ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà, a ó sì fi àga fún un ní ẹ̀yìn.